Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére. Kí ni kí n sọ fún un?

Àìsùn_Òru, 11:52 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 24. Ìlú ọ̀tọ̀ ló ń gbé, ó sì dá wà níbẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra fi í sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń ráhùn sí mi ṣáá, èmi náà á sì máa dá a lóhùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan, kò ráhùn mọ́. Lánàá ó kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa láìsọ nǹkan kan. Ó gbé gìtá ẹ̀ fún aládùúgbò ẹ̀ kan, gìtá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Lálẹ́ yìí ó wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú àáyá 11 péré. Èémí ẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú nítorí mi mọ́. Ó ti tán."

Mo ti gbọ́ ọ ní ìgbà méjìlá. Ọkọ mi ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, pé tó bá sùn tó jí, á dáa. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í léèrè, kó má lọ jẹ́ èmi ni màá fi í sí i lọ́kàn. Kí ni kí n ṣe?

Olùtẹ́tí, 11:57 alẹ́

Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ pè é báyìí, kí ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ò tó. Tó bá gbé e, ẹ bi í láìfi bò: "Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn láti pa ara rẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ lò. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà, bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí ẹ̀, bóyá alẹ́ òní ló ní lọ́kàn. Tó bá ti ro ọ̀nà tó sì ti dá àkókò, kò gbọdọ̀ dá wà lálẹ́ yìí. Ẹ wá ẹni tó wà nítòsí kó lọ bá a, ẹni tó gba gìtá yẹn pàápàá. Bí ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni, tàbí tó bá ti ṣe ara ẹ̀ ní nǹkan kan, nọ́ńbà pàjáwìrì ti ibi tó ń gbé ni kí ẹ pè.

Tí kò bá gbé fóònù, ẹ má sọ pé ó ti sùn. Ẹ rán ènìyàn lọ síbẹ̀.

Ẹ lọ. A wà níbí.

Àìsùn_Òru, 12:03 òru

Mo ń pè é.

OníwàTútù, 12:11 òru

Ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò máa sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá báyìí? Ẹni tó fẹ́ pa ara ẹ̀ kì í sọ fún ènìyàn. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri, kí a kẹ́ wọn ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kó sùn. Irú ìbéèrè wo lẹ tún ní kí wọ́n lọ bi ọmọ ọlọ́mọ lóru?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, 12:34 òru

OníwàTútù, mi ò ní bá yín jà, nítorí ohun tí mo gbà gbọ́ náà nìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbìyànjú ẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ẹni tó gbọ́ ló sọ pé eré ni.

Ní ti pé kí a má bi í: àwọn olùwádìí ní London kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2014, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò lórí ìbéèrè yìí gan-an. Wọn ò rí i pé bíbéèrè ń mú kí èrò ikú pọ̀ sí i. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ara tù lẹ́yìn tí wọ́n bi wọ́n.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó lé ní 720,000 ló ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún káàkiri ayé. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, ó wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n. Ọmọ ọdún 24 ni àbúrò arábìnrin yìí.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà ti ṣe. Kì í ṣe ìráhùn ló ń já mi láyà níbẹ̀, bí kò ṣe pé ìráhùn náà dáwọ́ dúró. Ẹni tí nǹkan ti ń dùn látọjọ́ tó pẹ́, tó kàn ṣàdédé fara balẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà, ó lè jẹ́ pé ó ti pinnu ni. Ó tún wá ń fi nǹkan tó fẹ́ràn tọrẹ, ó ń yọ ara ẹ̀ kúrò láàárín àwọn ènìyàn ẹ̀, ó sì ń sọ pé wàhálà òun á kúrò lọ́rùn yín. Èyíkéyìí lè ṣẹlẹ̀ lọ́tọ̀ kó má túmọ̀ sí nǹkan kan. Àmọ́ kí gbogbo ẹ̀ kó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí iṣẹ́ àti àfẹ́sọ́nà lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Rárá o.

Ohun kan tún kù tí ẹ gbọ́dọ̀ bi í tí ọ̀nà bá ṣí: ṣé ó ti gbìyànjú ẹ̀ rí? Nínú gbogbo ohun tó ń fi hàn pé ẹnì kan wà nínú ewu, kò sí èyí tó lágbára tó ìyẹn.

Ọ̀nà_Tóóró, 12:47 òru

Èmi ni ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílẹ̀ yìí, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló bi mí. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ rárá, ó tún máa ń kólòlò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń tú okùn bàtà ẹ̀, ó tún ń so ó, ó tún tú u. Ó wá ní, "Ṣé... ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?" Mi ò dáhùn. Òun náà ò sọ nǹkan kan mọ́. Aago ara ògiri ń dún. Mo ń retí kó ní kí n má sọ irú ẹ̀ mọ́, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ṣùgbọ́n okùn bàtà ló ń tú. Nígbà tó yá mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Oṣù márùn-ún nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi tí mi ò sọ ọ́ jáde rí, ohùn mi ṣe mí bí ohùn ẹlòmíràn. Ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní lọ síbì kankan lálẹ́ yìí." Kò sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ìbéèrè lè fi í sí ènìyàn lọ́kàn, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Èmi nìkan ni mò ń gbé e kiri tẹ́lẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, a di méjì.

Àìsùn_Òru, 1:22 òru

Ìgbà kẹrin tí mo pè ló tó gbé e. Mo bi í gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n bi í. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Ta ló sọ fún yín?" Ló bá bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún ẹ̀ rí láti ìgbà tó wà ní kékeré.

Ó ti ní in lọ́kàn. Ohun tó fẹ́ lò wà nílé. Mo pe ẹni tó gba gìtá, ó ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí, wọ́n jókòó. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá wa. Kí ló kàn? Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un kó tó lè wù ú láti wà láàyè.

Olùtẹ́tí, 1:29 òru

Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tó le jù lálẹ́ yìí lẹ ṣe yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò yẹn kó gbé ohun náà kúrò nínú ilé, kó lọ fi pamọ́ síbi tí àbúrò yín ò mọ̀. Kì í ṣe kó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù lásán o, kó gbé e jáde ni. Oògùn tó ṣẹ́ kù nílé ńkọ́? Kó kó o lọ. Kí wọ́n má mutí lálẹ́ yìí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Tó bá fẹ́ ṣe é, ṣebí á wá ọ̀nà mìíràn." Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé fóònù fún àwọn tó wà nínú irú wákàtí yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: wákàtí yìí máa ń kọjá. Ó lè gbóná bí iná, síbẹ̀ á kọjá. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Richard Seiden tẹ̀lé ìtàn àwọn 515 tí wọ́n fà padà lórí afárá kan ní San Francisco láàárín 1937 sí 1971. Nígbà tó fi máa gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1978, nǹkan bí 94 nínú 100 wọn ló ṣì wà láàyè tàbí tó jẹ́ pé ikú tí Ọlọ́run fi pa wọ́n ni wọ́n kú. Wọn ò wá ọ̀nà mìíràn. Ní Sri Lanka, ìjọba fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tó lóró jù ní 1995. Láàárín ogún ọdún, iye àwọn tó ń pa ara wọn níbẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí 70 nínú 100. Àwọn èèyàn yẹn ṣì ní ìṣòro wọn. Ohun tó lè sọ òru kan di òpin ayé ò kàn sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn mọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ má wá ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kó wù ú láti wà láàyè títí ayé. Kò sí ẹni tó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Kó di àárọ̀ ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Tí ẹ bá tún ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ èyí tó pọ̀. Tó bá ní, "Mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni," ẹ má ṣe tètè ní, "Irọ́ ni, o wúlò!" Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ló burú jù nínú ẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́. Ẹ kàn máa ṣe "hẹn" kó mọ̀ pé ẹ ò tíì já a.

Ọ̀nà_Tóóró, 1:41 òru

Ẹ jẹ́ n fi kún un, nítorí ibí yìí ni gbogbo ènìyàn ti ṣìnà lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n máa ń ní, "Ro ti ìyá rẹ." Ẹ̀yin ará, ìyá mi gan-an ni mò ń rò! Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ẹrù ni mo jẹ́ lórí ẹ̀, pé tí mi ò bá sí, á sunkún fún oṣù díẹ̀, ara á sì wá tù ú. Bí ìṣirò ṣe rí lórí mi nígbà yẹn nìyẹn, ó sì dá mi lójú bí ẹni tó ń ka ìwé. Ẹni tó bá wá ní kí n ro ti ìyá mi, ńṣe ló ń dá sí ìṣirò yẹn. Oníṣègùn tó tọ́jú mi ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Thomas Joiner, kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 2005: kí ènìyàn máa rí ara ẹ̀ bí ẹrù lọ́rùn ẹlòmíràn, kó sì máa ṣe é bíi pé kò sí ibi tóun ti jẹ́ ara wọn. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe orí mi nìkan ló ti dàrú bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kéré gan-an. Ẹni tí a jọ ń gbé ní, "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń tún fáànù yìí ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n, dúró tún un ṣe lọ́la." Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo tún fáànù náà ṣe ní ọjọ́ kejì.

Ẹ má sì sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó mọ̀. Ó ti fi ìyẹn na ara ẹ̀ tán kí ẹ tó dé.

Àgbà_Ń_Kàwé, 5:50 àárọ̀

Mo jí láti gbàdúrà, mo sì ka gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ.

Yorùbá wa yìí, ikú kún inú ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí kú, ebi fẹ́ẹ̀ pa mí, iṣẹ́ yìí á pa mí sílẹ̀. Ẹni tí fóònù ẹ̀ fọ́ pàápàá máa ń ní ayé sú òun. Nítorí náà, mi ò kì í torí gbólóhùn kan ṣoṣo fò sókè. Àwọn tó rọra ń bọ́ lẹ́nu ló ń já mi láyà: "Kí n lọ sinmi." "Ó wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́." "Ara á tù yín láìpẹ́." Tí mo bá gbọ́ irú ìwọ̀nyí, màá bi ẹni náà ohun tó túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tó ń dá wàhálà sílẹ̀, èmi náà sì jẹ̀bi ẹ̀: "Ọlọ́run má jẹ́!" Bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ kú, etí wa ò tíì gbọ́ ọ tán tí ẹnu wa ti sọ ọ́. Àdúrà ni, mo mọ̀. Létí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn la tì mọ́ ọn lójú. Mo ṣe é sí ọmọbìnrin àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eré ni mò ń ṣe, màmá." Oṣù méje ló tó tún bá mi sọ ọ́, ó sì ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó dìgbà yẹn. Ó wà láàyè, ọpẹ́ ni. Ní báyìí tó bá ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, màá gbé e mì, màá ní, "Sọ sí i fún mi." Àdúrà yẹn, mo máa ń gbà á tí mo bá dá wà.

Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè tàbí ìtìjú ló ń bá ènìyàn jà, ẹ bá mi fi "ikú yá ju ẹ̀sín" sílẹ̀. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ irú ẹni tí yóò máa tún un pa fún ara ẹ̀ láàárín òru.

Ọmọ_Ìyá_Kan, 7:15 àárọ̀

Lórí pé kó má sọ fún ìyá wọn. Mo ti ṣèlérí irú ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi rí, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá gbé e. Mi ò sùn, iṣẹ́ mi bàjẹ́, mo ń yẹ fóònù wò nílé ìyàgbẹ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nígbà tí mo máa tú u, mo kọ́kọ́ lọ bá òun fúnra ẹ̀, mo ní, "Mi ò lè dá ru èyí mọ́. Lónìí ni màá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé kí n sọ ọ́ níṣojú rẹ, àbí ìwọ fẹ́ sọ ọ́?" Ó bínú, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé mo rìn lẹ́yìn òun. Ó tún jẹ́ kó yan ohun kan nígbà tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Tí kò bá fẹ́ kí ìyá gbọ́, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìyá. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan.

Àìsùn_Òru, 9:05 àárọ̀

Ilẹ̀ mọ́ bá a. Mo ti wà nínú ọkọ̀, mò ń lọ síbẹ̀. Ó gbà kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n wa àgbà, kò gbà ti ìyá, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. A máa lọ rí dókítà lọ́sàn-án yìí. Ìbéèrè méjì: ṣé wọn ò ní fi ọlọ́pàá mú un? Kí ni kí n sì sọ fún wọn níbẹ̀ kí wọ́n má bàa dá wa padà sílé pẹ̀lú oògùn oorun?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, 9:40 àárọ̀

Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní England àti Wales, 1961 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fìyà jẹ ènìyàn fún. Ghana ṣe tiwọn ní 2023. Àwọn ibì kan ṣì wà tí òfin àtijọ́ kò tíì kúrò. Ṣùgbọ́n àbúrò yín kò tíì ṣe ara ẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń ṣàárẹ̀ ló ń lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù òfin dá a dúró sílé.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ní "kò rí oorun sùn" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ń gbèrò láti pa ara ẹ̀, ó ti ro ọ̀nà, ohun tó fẹ́ lò wà nílé, lánàá ni a gbé e kúrò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, nítorí níwájú dókítà, òun fúnra ẹ̀ á ní "ara mi ti yá." Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà pé tó bá padà dé lóru, ta ni kí a pè? Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ọjọ́ tí ẹ máa padà wá.

Kí ẹ tó lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá a kọ ètò ààbò. Ìwé pélébé kan ni, Barbara Stanley àti Gregory Brown ló ṣètò ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti tàn kálẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí i kí òkùnkùn tó dé ló wà lókè. Ohun tó lè dá ṣe kó fi gbé ọkàn kúrò níbẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ibi tó lè lọ àti àwọn tó lè bá jókòó láìsọ nǹkan kan nípa ẹ̀, àwọn tó lè sọ ọ́ fún gan-an, nọ́ńbà àwọn oníṣègùn, lẹ́yìn náà bí ilé ṣe máa wà láìsí ohun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe. Mo rántí ọkùnrin kan tó kọ tiẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò ìwé. Ohun tó kọ sókè ni: "Tí mo bá ti pa iná lẹ́ẹ̀mejì tí mo sì tún tàn án." Kò sí dókítà tó lè bá a ro ìyẹn.

Ẹ tún fetí sí èyí. Tí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ láti sinmi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e wà lára ìgbà tó léwu jù. Gbogbo ènìyàn ti padà sídìí iṣẹ́ wọn, òun nìkan ló kù pẹ̀lú ògiri. Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Jerome Motto, oníṣègùn ọpọlọ ní San Francisco, dán an wò pẹ̀lú àwọn 843 tó ti kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọn ò sì fẹ́ ìtọ́jú mọ́. Ìdajì wọn ló ń kọ lẹ́tà kúkúrú sí fún ọdún márùn-ún, lẹ́tà tí kò béèrè nǹkan kan: a kàn ní kí a kí ọ, a rò ó pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn tó pa ara wọn nínú wọn kéré sí ti ìdajì kejì. Lẹ́tà lásán!

Olùtẹ́tí, 10:02 àárọ̀

Ẹ tún fi nọ́ńbà tó lè pè sínú fóònù ẹ̀. Wọ́n yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn: ní Amẹ́ríkà 988 ni láti 2022, ní Britain àti Ireland, Samaritans tó ti wà láti 1953 wà lórí 116 123. Ẹni tó bá wà níbòmíràn lè wo findahelpline.com kó yan orílẹ̀-èdè ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pàápàá lè pè é. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kú nìkan ni a ń gbé fóònù fún.

OníwàTútù, 10:48 alẹ́

Mo ti ń ka ibí yìí látàárọ̀. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lóru.

Bàbá mi pa ara ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ó bá mi so okùn ọrùn aṣọ ilé-ìwé mi, ó ní ó ti há jù, ó tún un so. Ìyẹn ni mo fi gbà pé ẹni tó máa ṣe é kì í sọ. Tí mo bá gbà pé wọ́n máa ń sọ, a jẹ́ pé ó sọ fún mi tí mi ò gbọ́ nìyẹn.

Olùtẹ́tí, 10:55 alẹ́

OníwàTútù, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kì í sọ lóòótọ́. Wọ́n máa ń fi í pamọ́ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹni ọdún 16 tí bàbá ẹ̀ ń so okùn ọrùn fún kò ní nǹkan kan láti gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bi yín, nítorí ó máa ń wúwo lórí ẹni tó ṣẹ́ kù: ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín?

OníwàTútù, 11:31 alẹ́

Nígbà mìíràn. Kì í ṣe lónìí.

Olùtẹ́tí, 11:32 alẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àìsùn_Òru, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, 10:20 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oògùn kan kò bá a lára mu, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Kò tíì máa sùn dáadáa. Ìyá wa ti gbọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún un, ìyá wa sì pariwo "Ọlọ́run má jẹ́" bí Àgbà_Ń_Kàwé ṣe wí gẹ́lẹ́, mo fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Ó ti padà sí gúrúùpù ẹbí, ó ti ń bá àǹtí wa jà lórí fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Gìtá ṣì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò yẹn. Ó ní òun ò tíì fẹ́ ẹ nílé, àmọ́ ó máa ń lọ ta á níbẹ̀ lálẹ́.

A pín ọjọ́ tí a ń pè é láàárín èmi, ẹ̀gbọ́n wa àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Èmi ni mo ni Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí ó ti ní kí n má pè, pé òun fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Mo pè. Kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Mo ti wọ bàtà, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ni àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀ wọlé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà láàyè, wọ́n ti jẹ wá ní góòlù méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n gbọ́ràn."